Òdòdó wo ló bá ibòòji àgbàlá yín mu? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yan

Bí òdòdó bá kú sábẹ́ igi tàbí sẹ́bàá fẹ́ǹsì, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé kò rí oòrùn tó. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Yorùbá níbí, omi ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Gbòǹgbò máńgòrò lè ti fa omi ilẹ̀ tán kí òdòdó tó rí tiẹ̀. Omi òrùlé sì lè máa dà sí ẹsẹ̀ ògiri títí ibẹ̀ yóò fi di ẹrẹ̀, tí gbòǹgbò yóò jẹrà. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè òdòdó tó lẹ́wà jù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ibòòji tí ẹ ní.

Ẹ wo ibòòji yín dáadáa

Ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, ẹ tẹ́ bébà funfun kan sílẹ̀ níbi tí ẹ fẹ́ gbin òdòdó sí, ní agogo méjìlá ọ̀sán. Ẹ na ọwọ́ sókè bébà náà ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí òjìji ọwọ́ yín bá mú ketekete tí ẹ lè ka ìka márààrún, ibẹ̀ kì í ṣe ibòòji. Bí òjìji bá wà ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń ṣe fírífírí, ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn; òun ló dára jù fún gbogbo ohun tí a máa sọ níbí. Bí ẹ kò bá rí òjìji kankan, ibòòji tó ki ni. Ẹ tún un ṣe ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ àti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí oòrùn àárọ̀ títí di agogo mẹ́wàá kò le, àmọ́ ti agogo méjì sí márùn-ún lè jó ewé tó rọ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ẹ máa lò tún ṣe pàtàkì. Ní Èkó, oòrùn máa ń dé àtàrí gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Láàárín oṣù méjèèjì yìí, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán tẹ̀ sí, ìyẹn ni pé ojú ògiri tó kọ sí àríwá ló ń gbà á. Ìgbà òjò sì nìyẹn, ìkùukùu kì í jẹ́ kó le. Láti oṣù Kẹsàn-án lọ, ó tẹ̀ sí gúúsù, yóò sì wà níbẹ̀ jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ògiri tó kọ sí àríwá máa ń wà nínú ibòòji lásìkò tí oòrùn burú jù, ibẹ̀ sì ni kí ẹ gbin òdòdó tó bá fẹ́ràn omi sí. Ẹsẹ̀ ògiri tó kọ sí gúúsù, ẹ fi sílẹ̀ fún ohun tó lè fara da oòrùn. (Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé èyí o. Lọ́hùn-ún, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, ìhà àríwá ògiri sì máa ń ṣókùnkùn tó sì máa ń tutù.)

Abẹ́ igi náà yàtọ̀ síra. Abẹ́ àgbọn tàbí flamboyant máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ já wọlé. Abẹ́ máńgòrò tó ti dàgbà ṣókùnkùn, gbòǹgbò rẹ̀ sì kún inú ilẹ̀ tí ọkọ́ kò fi ní wọlé. Ẹ má gé gbòǹgbò ńlá, ẹ má sì da iyẹ̀pẹ̀ tó ju 5 sẹ̀ǹtímítà lọ lé e lórí, nítorí gbòǹgbò igi ń mí. Bí ẹ bá bò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, igi náà fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti òkè. Ìkòkò ló yẹ kí ẹ lò fún ọ̀pọ̀ òdòdó níbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn jù, ẹ gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ díẹ̀ kúrò, tàbí kí ẹ kun ògiri ìtòsí ní ọ̀dà funfun. Ọ̀dà funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sára òdòdó ju bí ẹ ṣe rò lọ.

| Òdòdó | Ibòòji | Bó ṣe rí sí ọ̀gbẹlẹ̀ | Gíga |
|---|---|---|---|
| Impatiens | fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tó ki díẹ̀ | kò lè fara dà á | 20–60 cm |
| Begonia kékeré | fẹ́ẹ́rẹ́ | ó fara dà á díẹ̀ | 20–40 cm |
| Peace lily | fẹ́ẹ́rẹ́; nínú èyí tó ki, ewé nìkan | á rọ, á tún jí | 40–90 cm |
| Anthurium | fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan | fẹ́ afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin | 30–60 cm |
| Tẹ̀tẹ̀ẹ̀gùn | fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tó ki díẹ̀ | fẹ́ ilẹ̀ tútù | 1–3 mítà |
| Heliconia rostrata | fẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú oòrùn àárọ̀ | ewé á gbẹ létí | 1.5–3 mítà |
| Clerodendrum | fẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú oòrùn àárọ̀ | á wọ́wé | ó ń gun nǹkan dé 3–4 mítà |

Impatiens àbí begonia?

Àwọn méjèèjì yìí ló ń tan òdòdó láìsinmi jù lábẹ́ ibòòji. Impatiens, tí àwọn tó ń ta òdòdó ń pè ní busy lizzie, wá láti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, igi rẹ̀ sì kún fún omi bíi ti gbúre. Tí omi bá tán nínú ilẹ̀, ó máa dojú bolẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Begonia kékeré, èyí tí ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, nípọn léwé, ó sì lè fi ọjọ́ méjì mẹ́ta dúró láìrí omi.

Bí ẹ bá ní ẹni tí yóò máa bomi rin òdòdó lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mú Impatiens. Àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti begonia lọ, owó rẹ̀ sì tún kéré torí ẹ̀yin fúnra yín lè sọ ẹyọ kan di ogún. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó 8 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, nísàlẹ̀ oríkèé gẹ́lẹ́. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ àti gbogbo òdòdó ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì kì í bọ inú ife omi tàbí yanrìn tútù níbi tí oòrùn kò dé. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14, gbòǹgbò á ti jáde. Ẹ fi 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá ga tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ já orí wọn kí wọ́n lè pẹ̀ka. Ẹni tí kò bá já orí ni yóò rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga fíofío, tí òdòdó méjì péré wà lókè rẹ̀.

Begonia ló bá ẹni tó máa ń rìnrìn àjò mu, àti ẹni tó ń lo ìkòkò lórí báńkọ́nì. Ọ̀nà méjì ló ń gbà kú. Èkíní ni gbígbìn ín jìn jù: ẹ jẹ́ kí ìdí igi rẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba, nítorí tí iyẹ̀pẹ̀ bá bo ìdí náà, ó máa jẹrà. Èkejì ni dída omi sórí ewé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Omi tó bá sùn lórí ewé máa di àmì dúdú, àmì náà a sì máa ràn. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ bomi sí, ní àárọ̀. Irú begonia mìíràn wà tó ga tó mítà kan, tí òdòdó rẹ̀ ń so rọ̀ ní ìdì ìdì; òun náà dára lábẹ́ ìloro tó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e kúrò lójú afẹ́fẹ́ torí igi rẹ̀ máa ń ṣẹ́.

Fún ẹni tó wà ní Britain: láti ọdún 2003 ni àrùn kan tó ń hu funfun lábẹ́ ewé ti ń pa Impatiens wọ̀nyí lọ́hùn-ún. Tí ewé bá ń wọ́ títí tó fi ku igi nìkan, àrùn náà ni. Irú Impatiens tí wọ́n ń pè ní New Guinea kò fi bẹ́ẹ̀ kó o, begonia kò sì kó o rárá.

Peace lily àbí anthurium?

Ìbátan kókò ni méjèèjì. Ohun tó ń mú kókò tútù yúnni lọ́fun náà ló wà nínú ewé wọn, nítorí náà ẹ má gbé wọn síbi tí ọmọdé tó ń rá tàbí ewúrẹ́ ti lè bù wọ́n jẹ.

Nínú méjèèjì, peace lily ló gba ìyà jù. Ó lè wà láàyè níbi tí òjìji ọwọ́ kò ti hàn rárá. Ṣùgbọ́n wíwà láàyè yàtọ̀ sí títan òdòdó. Nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, ewé nìkan ni ẹ óò máa rí. Bí ẹ bá fẹ́ òdòdó funfun rẹ̀, ẹ gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ títí òjìji fírífírí yóò fi hàn, láì jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán kàn án. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀: àwọn tó ń gbìn ín fún títà ní ọ̀pọ̀ máa ń fi oògùn tó ń mú kó yára tan òdòdó sí i. Ẹ̀yin á gbé e délé pẹ̀lú òdòdó mẹ́fà, lẹ́yìn náà kò ní tan òmíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kò ṣàìsàn, ẹ̀yin náà kò sì ṣe é níbi. Ẹ jẹ́ kó dàgbà ní ìwọ̀n ara rẹ̀.

Òùngbẹ peace lily kì í fara sin. Gbogbo ewé rẹ̀ á wó lulẹ̀, tí ẹ bá sì bomi sí i, á dìde láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kó máa ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, torí ìgbàkúùgbà tó bá wó bẹ́ẹ̀ ni etí ewé kan tàbí méjì máa ń gbẹ. Ṣùgbọ́n tó bá wó tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù rinrin, ẹ má bu omi kún un: gbòǹgbò rẹ̀ ló ti jẹrà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, ẹ gé gbogbo gbòǹgbò tó bá ti dúdú tó sì rọ̀, kí ẹ tún un gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun.

Anthurium ni òdòdó rẹ̀ pẹ́ jù. Ojú pupa dídán náà lè wà lórí igi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àmọ́ kò gba iyẹ̀pẹ̀ lásán. Nínú igbó tó ti wá ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ara igi ló sábà máa ń dì mọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá gbìn ín sínú ilẹ̀ amọ̀ ti fún un lọ́rùn pa. Ẹ gé èèpo àgbọn sí wẹ́wẹ́, ìwọ̀n méjì. Èédú fífọ́, ìwọ̀n kan. Ilẹ̀dú tàbí ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa, ìwọ̀n kan. Kí ẹ tó lo èèpo àgbọn, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ kan, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ tún un rẹ, torí ó lè ní iyọ̀ nínú. Nígbà ọyẹ́, anthurium ń jìyà ju peace lily lọ: etí ewé á di ràkọ̀ràkọ̀, òdòdó tuntun á kéré. Ẹ kó àwọn ìkòkò jọ sún mọ́ra lórí àwo tí òkúta wẹ́wẹ́ àti omi wà nínú rẹ̀, kí ìdí ìkòkò má kan omi.

Bí ìkòkò kan ṣoṣo lẹ fẹ́, tí ẹ kò sì ní àyè púpọ̀ láti tọ́jú rẹ̀, peace lily ni. Ẹni tó bá lè po èèpo àgbọn àti èédú, tí ìloro rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, kó ra anthurium. Kò ní kábàámọ̀.

Òdòdó gíga: tẹ̀tẹ̀ẹ̀gùn tàbí heliconia

Ó jẹ́ ohun ìyanu pé a máa ń náwó lórí heliconia láti ilẹ̀ òkèèrè, tí tẹ̀tẹ̀ẹ̀gùn sì ń hù lọ́fẹ̀ẹ́ létí odò. Ewé rẹ̀ ń yí igi rẹ̀ po bí àtẹ̀gùn, òdòdó rẹ̀ sì ń yọ ní orí igi lọ́kọ̀ọ̀kan tàbí méjì méjì, ó funfun, ó ní àwọ̀ ìyeyè nínú. Òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í ju ọjọ́ kan lọ, àmọ́ òmíràn máa ń tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ gé igi rẹ̀ sí ọ̀nà tó ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta, ẹ tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tútù ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, á hù. Ibi tí omi ẹ̀rọ amúlétutù tàbí omi òrùlé ń kán sí, tó ń pa òdòdó mìíràn, ibẹ̀ gan-an ló ti máa gbèrú.

Heliconia rostrata ní tirẹ̀ ń so rọ̀ ní pupa àti ìyeyè, ó sì hàn láti ojú títì. Tí ẹ bá ń fẹ́ kí àlejò dúró wò ó, òun ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ oòrùn àárọ̀ wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Lábẹ́ ibòòji tó ki, ewé bí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni yóò máa hù. Igi tó bá ti tan òdòdó kò ní tan òmíràn mọ́: ẹ gé e mọ́lẹ̀ kí ọmọ tuntun lè ráyè. Ó tún máa ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ ri páánù sínú ilẹ̀ yí i ká ní jíjìn 40 sẹ̀ǹtímítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láàárín ọdún méjì ó máa ti wọ inú àgbàlá aládùúgbò. Bí ẹ bá fẹ́ irú heliconia mìíràn, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí òdòdó rẹ̀ nà sókè bí ife, torí omi òjò máa ń dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn sì lè yé sí i. Ti rostrata dojú kọlẹ̀, omi kì í dúró nínú rẹ̀.

Fún fẹ́ǹsì: ẹ fi bougainvillea sílẹ̀

Bougainvillea, Ixora àti hibiscus ni wọ́n ń tà jù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni ọmọ oòrùn. Bí wọn kò bá rí wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà oòrùn gangan, ewé ni wọn yóò máa hù. Ixora tún ní ìṣòro mìíràn lẹ́bàá fẹ́ǹsì: ìpàǹtí sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ máa ń mú kí ewé rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, tí iṣan ewé nìkan ń jẹ́ àwọ̀ ewé. Ajílẹ̀ kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì dànù, kí ẹ fi ilẹ̀dú dí i.

Ohun tó yẹ fẹ́ǹsì tó wà níbòòji ni Clerodendrum thomsoniae, èyí tí àwọn kan ń pè ní bleeding heart. Igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ló ti wá. Orúkọ rẹ̀ dá lórí ìyàwó William Cooper Thomson, míṣọ́nnárì tó ṣiṣẹ́ ní Kàlàbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Apó funfun ló máa ń kọ́kọ́ yọ, òdòdó pupa á sì jáde láti inú rẹ̀. Nígbà tí pupa náà bá rẹ̀, apó funfun á di elésè àlùkò, á sì tún wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wáyà tàbí igi tí ẹ rì mọ́lẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó gùn. Orí ẹ̀ka tuntun ló ń tan òdòdó sí, nítorí náà lẹ́yìn tó bá tan tán, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù láti gé e á ní ìtàkùn tó ní igi púpọ̀ nísàlẹ̀, tí òdòdó díẹ̀ sì wà lókè níbi tí ojú kò dé. Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù náà máa ń mú un hu ewé lásán.

Abẹ́ máńgòrò

Fún ibi tó gbẹ tó sì ṣókùnkùn yìí, Scadoxus multiflorus, òdòdó pupa roboto tó tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin méjì, ló mọ̀ ọ́n gbé jù. Òun náà ń hù nínú igbó wa. Ó máa ń sùn sínú ilẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí máńgòrò ń fa omi. Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń jí i. Ẹ má bomi rin ín nígbà tó bá ń sùn, torí isu rẹ̀ máa jẹrà. Isu náà ní májèlé, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń tan, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Tí àkókò yẹn bá kéré lójú yín, ẹ gbin Caladium mọ́ ọn láàárín: àwọ̀ ewé rẹ̀ á máa ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ títí di oṣù Kọkànlá. Ibi tí òjìji kò bá hàn rárá, kò sí òdòdó tí yóò tan níbẹ̀. Pèrègún ni kí ẹ gbìn.

Ajílẹ̀, kòkòrò, àti ọjọ́ tí ẹ bá rà á

Òdòdó abẹ́ ibòòji kì í jẹun púpọ̀. Ṣíbí kékeré kan NPK 15-15-15, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, nínú omi lítà márùn-ún, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rin ilẹ̀ kí ẹ tó dà á sí i. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò; ẹ jẹ́ kó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà òjò, ìgbín ló ń jẹ Impatiens àti begonia lóru: ẹ mú tọ́ọ̀ṣì ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹ ṣà wọ́n. Nígbà ọyẹ́, bí ewé bá ní àmì wínníwínní tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti aláǹtakùn sì wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé náà lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta títí yóò fi lọ.

Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ yí ìkòkò tàbí ọ̀rá náà padà kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò funfun díẹ̀ tó yọ síta dára. Èyí tó ti wé mọ́ra bí okùn ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá, ẹ tú u díẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ yan èyí tí ìrudi rẹ̀ pọ̀ ju òdòdó tó ti là lọ. Bó bá jẹ́ etí títì nínú oòrùn ló ti wà, ẹ má gbé e wọ ibòòji tó ki lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 gbé e sábẹ́ ibòòji fẹ́ẹ́rẹ́ ná. Ó lè wọ́ ewé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má tìtorí ìyẹn fún un ní ajílẹ̀, ẹ má sì tún un gbìn. Bí ewé tuntun bá ti ń yọ láàárín, ó ti mọ ibẹ̀.